Ilé Wa Ti Ń Mí Dọ́gba

Qikiqtaarjuk, létí òkun,
Oṣù Kẹrin, ìgbà tí oòrùn ti ń pẹ́ kó tó wọ̀.

Ulluriaq, ọmọ ọmọ mi,

Ẹ dákẹ́ ná! Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé nílé àwọn aláìsàn ní Ọ́táwà, tí ẹ jókòó yí ọmọ mi ká báyìí pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́, ẹ pa tẹlifísàn yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́, torí kò sẹ́ni tó ń gba lẹ́tà láti ilé tí àwọn yòókù kì í fetí sí i. Ulluriaq, kà á sókè, má fo ibì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wúkọ́ tán báyìí.

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun, àbí tíì àti bisikíìtì náà lò ń gbé mì? Ọkọ mi ńkọ́? Àyà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yọ rọ́bà yẹn kúrò nímú rẹ̀? Èmi ò ṣàìsàn. Orúnkún mi ló ń bá mi jà, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń ja ìjà yẹn. Bàbá ọmọ rẹ ṣì wà níbi ìwakùsà, àlàáfíà ló wà. Òkun ṣì dì gbagidi, àmọ́ oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn lójú.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kò tíì kúrò létí mi. O ní, “Màmá, mi ò mú ọmọ yìí padà sínú ilé yẹn mọ́. Wọ́n ti fún mi ní fúláàtì níbí, ìparí oṣù yìí ni wọ́n ń retí èsì mi.” Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Wàá rò pé inú ló bí mi. Inú ò bí mi o. Mò ń wo ògiri ni. Ògiri ẹ̀yìn ibùsùn yín ti bu dúdú bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Àpótí afẹ́fẹ́ tó wà ní yàrá ìfọṣọ, ọkọ rẹ ti pa á látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ó tún fi ìbọ̀sẹ̀ dí àwọn ihò rẹ̀ torí pé ó ń fẹ́ òtútù sí yín lórí. Bẹ́ẹ̀ là ń se ẹran, là ń sá aṣọ sínú ilé, tí gbogbo wa ń mí síra wa lára. Gbogbo ọ̀rinrin yẹn, ògiri ló mu ún. Èyí tí ògiri kò rí mu, àyà ọmọ ló gbà á. O jàre, ọmọ mi. Ohun tí mi ò rí sọ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ mọ ìdí tí mo fi ń pe ọmọ náà ní ọkọ mi. Tulugaq lorúkọ rẹ̀, orúkọ bàálé mi tí yìnyín gbé lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn ni èmi opó ti tún di ìyàwó. Wọ́n gbé e fún mi, ó wò mí, ó káwọ́, ó bú sẹ́kún. Mo ní, “Ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyí nígbà tó bá lọ ṣọdẹ tó dé lọ́wọ́ òfo.” Nítorí náà, kì í ṣe pé mò ń bẹ̀ ọ́ bí ìyá àgbà nìkan. Mò ń bi ọ́ bí obìnrin tó ń bèèrè ọkọ rẹ̀.

Mo lọ pe Qajaaq. O mọ̀ ọ́n, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Òun ló ń tọ́jú àpótí afẹ́fẹ́ gbogbo ilé tí ìjọba kọ́ síbí. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ, ó na ọwọ́ jìnnà gbé e dà nù. Ó ṣí àpótí, ó fa asẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irun àgbọ̀nrín tó ń já lára àwọn ẹ̀wù awọ wa ni, ó ti dì mọ́ra wọn bí ẹní tí èèyàn lè sùn lé lórí. Ó wò mí, ó ní, “Màmá, ṣé odidi àgbọ̀nrín lẹ tì sínú ibí ni?” Mo ní, “Ṣé o rí ìwo níbẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó fi asẹ́ tuntun síbẹ̀, ó nu gbogbo inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ha ògiri yàrá yín, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kùn ún. Òórùn ọ̀dà ọ̀hún ti tán báyìí.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an. Qajaaq ní bí àpótí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo ní kó ṣàlàyé, mo tún ní kó ṣàlàyé, títí ó fi yé mi. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ìta, èkejì ń lé afẹ́fẹ́ tí a ti lò jáde láti ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Àwọn méjèèjì á gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá nínú àpótí láìfara kanra, bí àwọn tó ń bára wọn yan odì ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ èyí tó gbóná á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó tutù kó tó jáde. Bí èyí tó ń jáde bá pọ̀ jù, ilé á máa fa òtútù gba gbogbo abẹ́ ilẹ̀kùn, á tún fẹ́ fa èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná padà sí wa lára. Bí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ jù, á máa ti ọ̀rinrin wọnú ògiri. Á dì síbẹ̀, á yọ́ nígbà ooru, ògiri á sì tún bu.

Mo ní, “Ṣebí bí ilé yìnyín ni.” Bàbá mi, tó bá ti kọ́ ilé yìnyín tán, á lu ihò sí i lókè. Imú ilé là ń pè é. Tí imú yẹn bá tóbi jù, òtútù á pa wá. Tó bá kéré jù, orí á máa fọ́ wa, iná àtùpà ọ̀rá á sì máa kú. Qajaaq ní, “Ohun kan náà ni, Màmá, àfi pé tiyín ò jẹ iná mànàmáná.”

Ó mú ẹ̀rọ òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lára. Ó ki rọ́bà bọ ojú páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, nọ́ńbà kan yọ. Ó gbé e lọ sí páìpù tó ń lé e jáde, nọ́ńbà mìíràn yọ. Ìdérí kékeré kan wà nínú páìpù kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè yí láti ẹ̀yìn. Ó yí èyí díẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó yí ìyẹn díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n, títí nọ́ńbà méjèèjì fi di ọ̀kan náà. Ó ní tó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé á wá wò ó, nọ́ọ̀sì á sì kọ̀wé sí dókítà yín. Mo dín búrẹ́dì fún un. Inú mi dùn débi pé mo lọ jókòó sínú yàrá yín tí mo kàn ń mí.

Kò dúró. Nígbà tí Qajaaq padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti já wálẹ̀ dé ìdajì. Ó ní, “Màmá, ṣé yìnyín ò bo ẹnu ihò tó wà níta?” Mo ní, “Mo gbá a láàárọ̀ yìí.” Òótọ́ ni, mo gbá a. Ó ṣí ìdérí sílẹ̀ gbàgà, ó dín èyí tó ń jáde kù, ó bá a dọ́gba padà, ó lọ. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, èyí tó ń wọlé ti wá pọ̀ jù! Ó yí i padà. Lọ́sàn-án, ó tún já wálẹ̀. Ọmọ náà yọ fìlà, ó ń họ orí. Ó yọ ẹ̀rọ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e lọ wọn ilé ìyá rẹ̀, ó bá a pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà.

O mọ bí ìlú yìí ṣe rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ti pe rédíò, ó ní kí wọ́n bá òun kí èmi Qaunaq, pé òun gbọ́ pé ilé mi ti mutí yó. Arnaquq ìyá ọkọ rẹ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín kọ́rọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Àna mi, ilé tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kún inú rẹ̀, níbo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà wọ̀ ọ́?” Mo ní, “Ìwọ tí o máa ń hanrun bíi walírọ́ọ̀sì tó sùn sórí yìnyín òkun, ìwọ lo fà á mu tán.” A ti jọ wà láti kékeré, bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn. Àmọ́ bó ṣe jókòó tán, ó rọra bi mí pé, “Ṣé wọn ò ní wá mọ́ ni?” Mo da tíì fún un.

Qajaaq dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò yọ bàtà. Nígbà tí èèyàn kò bá yọ bàtà, ọ̀rọ̀ burúkú ló mú wá. Ó ní, “Màmá, mo rò pé àpótí náà ti bàjẹ́. Tuntun la máa bèèrè fún, àfi kó bá ọkọ̀ ojú omi wá lópin ìgbà ooru.” Ulluriaq, mo rí ojú ọkọ mi bó ṣe ń dàgbà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, tó ń kọ́ èdè ẹlòmíràn, tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo ní, “Qajaaq, yọ bàtà rẹ. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí mi. Tí kò bá ṣe é ṣe, èmi fúnra mi á pe Ulluriaq pé kó gba fúláàtì náà.”

Àárọ̀ ni. Ó wọ̀n ọ́n, ó yí i, méjèèjì dọ́gba. Ó fi ẹ̀rọ òṣùwọ̀n sílẹ̀ lára páìpù tó ń wọlé, ó wá mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O mọ àga mi lójú fèrèsé, níbi tí mo ti ń mọ ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àti ohun tó rà bọ̀. Bí mo ṣe ń wòta, mo rí Arnaquq tó gbé awọ séálì, ẹran inú òkun, tó nà mọ́ férémù onígi rù kọjá níwájú mi, tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Qajaaq gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún, ó sáré wọ yàrá ìfọṣọ, ó kígbe pé, “Ó tún ti já! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló fọwọ́ kan nǹkan?” Mo ní, “Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Arnaquq ló ń lọ sá awọ rẹ̀ sóòrùn.” Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, èmi àti òun wo ara wa. 

Kí awọ séálì tó lè funfun, oòrùn àti atẹ́gùn oṣù yìí ló nílò. Ilé ìwé tó wà níwájú ilé Arnaquq ti bo oòrùn mọ́ ọn lójú. Ìgbà wo sì lẹnikẹ́ni ń tọrọ àyè níbí kó tó gbé awọ ti ògiri ẹlòmíràn? Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni oòrùn dáa sí jù, ibẹ̀ náà ni ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé wà. Láàárọ̀ awọ kò tíì sí níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ti dé. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú tàbí tí yìnyín bá fẹ́ bọ́, á gbé e lọ sílé.

Qajaaq sáré jáde láìwọ ẹ̀wù òtútù. Ó kígbe sí mi pé kí n máa ka nọ́ńbà fún òun, ṣùgbọ́n kí n má ṣí ilẹ̀kùn o, torí ilẹ̀kùn á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mi ò lọ ilé ìwé, àmọ́ ta ló ń jẹ tẹ́tẹ́ bíńgò lórí rédíò bíi tèmi? Nọ́ńbà kò lè fi ojú pamọ́ fún mi. Mo dúró ti ògiri yàrá ìfọṣọ, mò ń gbọ́ wọn lódì kejì.

Qajaaq ní, “Màmá Arnaquq, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò!”

“Kí ló dé? Ṣé ó bù ọ́ jẹ ni?”

“Ẹ kàn gbé e kúrò!” Ó gbé e. Mo lu ògiri, mo pariwo nọ́ńbà jáde bí àwọn tó ń pe bíńgò. Ó ti lọ sókè!

“Ó dáa, ẹ gbé e padà síbẹ̀!”

“Ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé? Kúrò àbí padà, èwo ni kí n ṣe? Lọ wọ ẹ̀wù!” Ó gbé e padà. Nọ́ńbà já. Mo pariwo rẹ̀. “Ẹ tún gbé e kúrò!” Ó gbé e. Ó lọ sókè. Mo gbàgbé ara mi, mo kígbe bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ pé, “Bíńgò!”

Wọ́n wọlé. Qajaaq ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ojú Arnaquq ń yí padà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn bàtà. Ó ní, “Bàtà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fi awọ yẹn rán. Èmi ni mo wá ń dí imú ọmọ náà?” Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ulluriaq, èébú tí mo ti tò sílẹ̀ dè é látọjọ́ ọ̀rọ̀ rédíò pọ̀. Mi ò rí ọ̀kan lò nínú rẹ̀. Mo ní, “O ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Dìde nínú bàtà àwọn èèyàn.” Ó ní òun á jù ú nù. Mo ní, “Jù ú nù kẹ̀! Kí ọkọ mi wá máa fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ rìn?”

Ibo la máa wá sá a sí? A yí ilé ká. Oòrùn kò dáa níbòmíràn ju ojú fèrèsé mi lọ. Arnaquq wò mí, kò lè sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní, “Gbé e tì í.” Qajaaq bá a gbé e. Ṣọ́ọ̀bù pòórá, òkun pòórá, gbogbo ìlú pòórá mọ́ mi lójú. Àwọn èèyàn ti ń ra nǹkan lọ, mi ò mọ ohun tí wọ́n rà. Àmọ́ tí oòrùn bá ti bà á lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú awọ yẹn wọlé ń pọ́n bí oyin. Bí inú àgọ́ awọ tí wọ́n bí mi sí ṣe rí nìyẹn. Mi ò rí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn mọ́ látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Tí ẹni tó wọlé bá bi mí pé kí ni mò ń wò, mo máa ń ní kó jókòó.

Qajaaq yí ìdérí méjèèjì padà sí ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kan igi yí ihò ìta ká, kí ẹnikẹ́ni má lè gbé nǹkan tì í mọ́. Látìgbà náà, ìgbàkígbà tó bá dé, yálà àárọ̀ tàbí ọ̀sán, ìgbà tí ìjì ń jà àti ìgbà tí kò jà, ọ̀kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì. Obìnrin ọ́fíìsì ti wá, ó ní ó dáa. Nọ́ọ̀sì wá, ó fọwọ́ pa ògiri ẹ̀yìn ibùsùn yín, ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí, ó gbẹ. Arnaquq ń mú ìgbálẹ̀ wá gbá ihò ìta láràárọ̀, kódà nígbà tí yìnyín kò bọ́. Mo ní kó má gbá ògiri wa dà nù.

Mi ò sọ pé ilé wa ti di ààfin o. A ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀kan. Dókítà wà nítòsí yín lọ́hùn-ún, níbí ọkọ̀ òfuurufú la máa ń dúró dè. Mo mọ gbogbo èyí, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. Tí o bá gba fúláàtì yẹn, ọmọ mi ṣì ni ọ́, mi ò ní fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ lórí rédíò. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé kì í ṣe ilé tí o fi sílẹ̀ ni mò ń pè ọ́ sí. Tí o bá dùbúlẹ̀ sínú yàrá yín báyìí, tí o dákẹ́, wàá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń wọlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wàá sì...

Arnaquq ti já wọlé. Ó ní Iola ti tan ọ̀kadà yìnyín rẹ̀ síta, pé pílọ́ọ̀tì kì í dúró de arúgbó tó ń kọ̀wé. Iola ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wò ní Ọ́táwà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà. Ẹja dídì tó gbé dání, tìrẹ ni, má jẹ́ kó bá ọ jẹ ẹ́. Tí o bá fún un ní báàgì kan bọ̀ wá síbí, kó tilẹ̀ jẹ́ aṣọ ọmọ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ti yé mi. Tó bá dé lọ́wọ́ òfo, ó yé mi náà. Má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí wàá sọ lórí fóònù.

Kí Ọlọ́run fún àyà ọmọ náà lókun. Kí oorun máa kùn ọ́ lóru. Kí ọ̀nà tó gbé yín lọ má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń padà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í, kí ara tiyín náà yá, kí ẹ rílé dé.

Èmi ni Qaunaq, ìyá ìyá rẹ, ìyàwó ọmọ rẹ.

Mo gbàgbé láti... Èmi Arnaquq ló ń kọ eléyìí báyìí, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ráyè ka ohun tó kọ, àmọ́ mo mọ ìyá rẹ àgbà, ìdajì rẹ̀ ni kí o gbà gbọ́. Ohun kan wà tí kò ní sọ fún ọ, torí mo ní kó má sọ ọ́. Látìgbà tí wọ́n ti kun yàrá yín tán, inú rẹ̀ ni mò ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí orí ọmọ máa ń wà. O mọ̀ pé kò sí òtútù tó wọlé tí mi ò wúkọ́ nínú rẹ̀. Mo ní kí n fi àyà tèmi dán an wò ná. Mi ò tíì wúkọ́.